Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò burú, wọ́n tún ní irin ara mi ti tán. Ẹ bá mi túmọ̀ ẹ̀

Àdùkẹ́Aláṣọ:

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Mọ́ńdè, mo bi Google, Google ń sọ gírámà sí mi létí, mo ní kí n kúkú wá bi àwọn èèyàn mi.

Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tó ti máa ń rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ o, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń taṣọ l'Ọ́jà Ọba níbí ní Àkúrẹ́, mo mọ bí àárẹ̀ ọjà ṣe ń rí. Èyí yàtọ̀. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn dé òkè ilé wa, àyà mi á máa lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n lé. Irun ń já mọ́ kóòmù. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé mo ń jẹ yìnyín, yìnyín inú fírísà tí wọ́n fi ń mú mínírà tutù, mo ń rún un bí ẹni ń jẹ gúgúrú, mi ò lè ṣíwọ́, àfi bí ẹni tí wọ́n di èèdì. Ọkọ mi ní ṣé oyún ni, a tẹ́ẹ̀sì, kì í ṣe oyún.

Mo bá lọ sí ọsibítù kan, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, PCV mi jẹ́ 35. Nọ́ọ̀sì ní "Mọ̀mí, ẹ̀jẹ̀ yín ò burú, ẹ lọ sinmi." Dókítà kékeré kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló ní rárá, kí n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní ferritin níta. Owó ẹ̀ dùn mí, àmọ́ mo ṣe é. Rìsọ́ọ̀tì dé, wọ́n kọ 9 síbẹ̀. Ìgbà tí mo máa padà lọ, dókítà yẹn ò sí lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí mo bá níbẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó kàn kọ oògùn irin tí wọ́n ń pè ní fesolate lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ó ní "irin ara yín ti tán", ó ní kí ẹlòmíì máa wọlé.

Irin bíi ti alágbẹ̀dẹ? Ìyá mi gbọ́ ọ ní Òǹdó, wọ́n ní ṣé wọ́n fẹ́ fi mí bọ Ògún ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀jẹ̀ ò ṣe ní burú kí irin inú ẹ̀ sì tán? Níbo ni irin ọ̀hún ń gbé, ta ló ń kó o síbẹ̀, ta ló sì ń kó o jáde? Àbí láàbù ló ṣì í kọ?


TiLáàbù:

Àǹtí wa, ẹ kú ìnáwó. Láàbù ò ṣì í kọ, nọ́ọ̀sì náà ò sì parọ́ púpọ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń taṣọ, á tètè yé yín: PCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ni aṣọ tẹ́ ẹ fi kọ́ síwájú ìsọ̀, ferritin ni èyí tó wà nínú stóò lẹ́yìn. Tí ọjà bá ń tà tẹ́ ò sì lọ kó tuntun wá, ẹ ò ní jẹ́ kí iwájú ìsọ̀ ṣófo, inú stóò lẹ ó máa bù láti fi dí i. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní ìsọ̀ yín kún. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ti hàn nínú stóò. Ibi tẹ́ ẹ wà nìyẹn. 35 yẹn ti dé bèbè, torí 36 ni a máa ń fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ fún obìnrin tí kò lóyún, àmọ́ 9 ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Lábẹ́ 15 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ní kí wọ́n máa kà á sí pé irin ìpamọ́ ti tán lára àgbàlagbà tí àìsàn míì ò ṣe.

Irin tí wọ́n ń sọ yẹn, irin náà ni o, irin alágbẹ̀dẹ gan-an. Gbogbo èyí tó wà lára àgbàlagbà kan ò ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, tí wọ́n bá kó o jọ, tí wọ́n yọ́ ọ pọ̀, ìṣó kékeré kan ló máa jẹ́. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ wà nínú hemoglobin, ìyẹn púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Díẹ̀ wà nínú iṣan. Ìpamọ́ ló pọ̀ jù nínú èyí tó ṣẹ́ kù, inú ẹ̀dọ̀ ni wọ́n kó púpọ̀ ẹ̀ sí, àti inú mùdùnmúdùn eegun, àti inú spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì yẹn. Púrótéènì tó ń pa á mọ́ ló ń jẹ́ ferritin. Ọkùnrin ará Czech kan, Vilém Laufberger, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lọ́dún 1937, inú spleen ẹṣin ló ti rí i.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí wọ́n fi ń tì í mọ́lé. Irin tó bá ń rìn gbéregbère nínú sẹ́ẹ̀lì, jàǹdùkú ni. Tó bá pàdé hydrogen peroxide tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, á sọ ọ́ di nǹkan míì tó ń jó sẹ́ẹ̀lì láti inú, ó ń jẹ ọ̀rá, ó ń jẹ púrótéènì, ó ń jẹ DNA pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ara ò lè ṣe kó má ní irin. Ẹ wò ó bíi pẹtiróòlù tẹ́ ẹ rà sílẹ̀ de jẹnẹrétọ̀, ẹ nílò ẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní dà á sílẹ̀ láàárín pálọ̀, inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ló ń gbé. Ferritin ni kẹ́ẹ̀gì yẹn. Èyí tí àwa ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ yín ní láàbù, díẹ̀ tó ń jò jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì ni, ìwọ̀nba tó bá jò ló ń jẹ́ ká mọ bí èyí tó wà nínú ilé ṣe pọ̀ tó.


ỌmọOlóko:

Ẹ̀gbọ́n TiLáàbù, ẹ káre, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Pẹtiróòlù, bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń jáde. Irin ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yí i padà kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Ọmọ olóko kòkó ni mí, apá Ìdànrè níbẹ̀ yẹn, mo sì ka biochemistry ní FUTA, yunifásítì Àkúrẹ́ níbí, kí n tó gba ẹ̀yìn sá lọ ṣòwò, stóò kòkó ló jọ lójú tèmi.

Ẹ ò lè kó kòkó tútù sí stóò. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ rí i, á bu, á máa rùn, ẹni tó fẹ́ rà á á yínmú. Ẹ gbọ́dọ̀ sá a sóòrùn kó gbẹ kó tó wọ àpò. Irin náà, oríṣi tútù ló jẹ́ nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà ferritin, ferrous ni wọ́n ń pè é, òun sì ni jàǹdùkú tẹ́ ẹ ń sọ yẹn. Ferritin fúnra ẹ̀, ẹ̀ka púrótéènì mẹ́rìnlélógún ni, wọ́n wé mọ́ra wọn di bọ́ọ̀lù kan tó ní ihò nínú. Oríṣi méjì ni ẹ̀ka ọ̀hún, H àti L. H ló ń sá kòkó: irin á wọlé láti inú ihò tín-ín-rín ara bọ́ọ̀lù yẹn, H á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lára ẹ̀, ọ́síjìn á gbé e lọ, ferrous á di ferric. L ló ń bá wọn tò ó jọ nínú lọ́hùn-ún. Ìgbà tó bá fi máa dé ibi tó máa jókòó sí, ó ti di ìpẹtà. Mo ní ìpẹtà o, ẹ kà á dáadáa, ìbátan èyí tó ń mú páànù orí ilé wa pupa ni. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè gba tó 4,500 átọ̀mù irin, bẹ́ẹ̀ nanometer 12 péré ni gbogbo fífẹ̀ ẹ̀, ẹ lè to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ sórí ìbú irun kan.

Nítorí náà ẹ sọ fún mọ̀mí ní Òǹdó pé Ògún wà nínú ẹ̀dọ̀ tiwọn náà, ó kàn ti dógùn-ún síbẹ̀ ni 😂


Àdùkẹ́Aláṣọ:

Hẹn-ẹ́n! Ó ti ń yé mi. Mo ka ti Ògún yẹn fún mọ̀mí lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ọmọ ta ni yẹn.

Ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá fẹ́ kó kòkó ọ̀hún tà ńkọ́, ta ló ń ṣílẹ̀kùn? Ṣebí ẹ ní ó ti dípẹtà, ìpẹtà wá ṣeé lò ni? Ẹ má bínú o, mo ti lo fesolate yẹn fún ọjọ́ mẹ́fà, inú ń run mí, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, mo ti fẹ́ sọ ọ́ nù.


TiLáàbù:

Ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Irin tí ìfun ò gbà ló ń dú yẹn, ó wọ́pọ̀. Tó bá wá di èyí tó ń fà bí ọ̀dà, tó ń rùn gan-an, tó tún ń kọ́ yín lójú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fesolate mọ́, ẹ sáré lọ rí dókítà torí ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde nínú. Lórí iye tẹ́ ẹ ń lò, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí ọmọ olóko dáhùn tiẹ̀ ná, ó jọ pé ara ń yún un.


ỌmọOlóko:

Ara ń yún mi lóòótọ́ 😂

Àǹtí, wọn kì í ṣílẹ̀kùn o. Stóò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń wó. Púrótéènì kan wà tó ń jẹ́ NCOA4, tí irin bá ti ń wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, á lọ dì mọ́ ferritin, á wọ́ ọ lọ sínú lysosome, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́ nǹkan tí ò fẹ́ lò mọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ásíìdì ibẹ̀ àti àwọn enzyme á fọ́ bọ́ọ̀lù náà túútúú, ìpẹtà á yọ́, irin á tún padà di tútù tó ṣeé lò. 2014 ni wọ́n tó mọ̀ pé NCOA4 ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, mo ti kúrò ní FUTA nígbà náà, èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé tí irin bá ti pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, NCOA4 gan-an ni wọ́n máa pa rẹ́, kò ní sẹ́ni tó máa wọ́ ferritin lọ ibì kankan. Àwọn kan tún ní irin lè gba ihò ara bọ́ọ̀lù yẹn yọ́ jáde láìwó o. Nínú ìgò láàbù ó ṣeé ṣe, tí wọ́n bá da nǹkan tó ń dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà sí i, ṣùgbọ́n nínú ara èèyàn, wíwó yẹn ni mo gbà gbọ́ jù.

Ó wá jáde nínú stóò, kò tíì dé ọjà. Kó tó kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, ferroportin, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á dárúkọ hepcidin láìpẹ́. Tó bá bọ́ síta, ọ̀kadà ti ń dúró dè é. Transferrin ni ọ̀kadà yẹn, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, èrò méjì ló sì ń gbé, kì í gbé mẹ́ta, ó tún ní ìwà ju àwọn ọ̀kadà Àkúrẹ́ lọ. Á gbé wọn lọ sí mùdùnmúdùn eegun níbi tí wọ́n ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ní nǹkan tó fi ń mú ọ̀kadà yẹn dúró, á gbé òun àti èrò ẹ̀ mì pọ̀ sínú àpò kékeré kan, inú àpò yẹn náà á kan díẹ̀, kíkan yẹn ló máa já èrò bọ́, wọ́n á wá ti ọ̀kadà òfìfo padà sí títì kó lọ gbé ẹlòmíì. Wọn ò ní fọ́ ọ. Ferritin ni wọ́n ń wó, transferrin ń padà sẹ́nu iṣẹ́.

Irin tó wà lórí ọ̀kadà nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ wa níṣẹ̀ẹ́jú kan ò ju bíi mílígíráàmù mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹ̀ ò lópin, tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti gbé tó 20 sí 25. Ẹ wá ń rò pé inú oúnjẹ ni gbogbo ìyẹn ti wá? Rárá o. Mílígíráàmù kan sí méjì péré là ń rí gbà nínú oúnjẹ lójúmọ́. Èyí tó kù, òkìrìkà ni! Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lò tó 120 ọjọ́, tó bá ti gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ inú spleen àti ẹ̀dọ̀ á gbé e mì, wọ́n á tú irin inú ẹ̀ jáde, wọ́n á tún un tà. Ara ò tiẹ̀ ní ọ̀nà kankan tó dìídì fi ń da irin nù, àfi èyí tó bá awọ ara àti ìfun tó ń ṣí lọ, àti ẹ̀jẹ̀ tó bá dà. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù fi ń gbẹ ju ọkùnrin lọ. Àǹtí, ẹ má bínú pé mo bi yín ní gbangba, báwo ni ti oṣù yín ṣe ń rí?


Àdùkẹ́Aláṣọ:

Ọjọ́ mẹ́jọ, nígbà míì mẹ́sàn-án, ó sì máa ń pọ̀. Mo rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn.


Ìyá_Tọ́mi:

Kì í ṣe gbogbo èèyàn o. Ẹ lọ ṣe scan.


ỌmọÌyáOǹdó:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi tèmi kún un torí ó ta ko ti àǹtí yẹn pátápátá. Ìyá mi wà ní Òǹdó, ọmọ Ẹkímọ̀gún pọ́ńbélé. PCV wọn 27, ojú wọn funfun, wọn ò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. A ti fún wọn ní blood tonic ìgò mẹ́rin, omi ugu àti mílíìkì, poroporo bàbá tí wọ́n sè pupa bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, PCV ò gbéra. Wọ́n wá ṣe ferritin, ó jẹ́ 480! Ṣé stóò ló kún ni tí iwájú ìsọ̀ fi ṣófo? Oríkèé ọwọ́ wọn ti ń wú láti bí ọdún méjì, láràárọ̀ ìka wọn kì í ká.


BàbáÀgbo:

480 kẹ̀, irin ti pọ̀ jù lára wọn nìyẹn. Mo ní àgbo kan tó máa fọ̀ ọ́ kúrò láàárín ọjọ́ méje, ẹ wá sí inbox.


TiLáàbù:

Bàbá, ẹ rọra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ nǹkan kan kúrò lára mọ̀mí. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le gan-an la dé yìí.

Hepcidin tí ọmọ olóko ń yọ́ dárúkọ nìyẹn. Họ́mọ́ọ̀nù ni, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, kékeré báyìí, amino acid 25 péré ló so pọ̀ tó fi di odidi. Kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá ti dé ara ferroportin, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn, á lẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì á gbé ilẹ̀kùn ọ̀hún mì, á fọ́ ọ. Irin tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun ò ní lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ náà ò ní lè jáde. Stóò kún dẹ́nu, ọ̀kadà wà ní títì láìní èrò, mùdùnmúdùn ń ké pé òun ò rí irin fi ṣiṣẹ́. Ìyà tó ń jẹ mọ̀mí nìyẹn, bí mo ṣe rò ó. Wọn kì í ṣe aláìní, olówó tí wọ́n ti báńkì ẹ̀ pa ni wọ́n.

Ta ló ní kí ẹ̀dọ̀ ti ilẹ̀kùn? Nǹkan tó ń jẹ ara lábẹ́lẹ̀ ni. Oríkèé tó ń wú, egbò tí ò jiná, ikọ́ ife, kódà ibà lásán. Kòkòrò àìsàn náà ń jẹ irin bíi tiwa, nítorí náà bí ara bá ti fura sí wọn, á kó irin pamọ́ kí wọ́n má baà rí jẹ. Orúkọ hepcidin fúnra ẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti pípa ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, torí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i ní bíi 2000 sí 2001, apakòkòrò ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Tó bá jẹ́ ìjà ọjọ́ mẹ́ta, ọgbọ́n gidi nìyẹn. Tó bá wá di ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ onílé ló máa gbẹ.

480 yẹn náà, ẹ má fi ojú stóò nìkan wò ó, torí ferritin máa ń ga fúnra ẹ̀ tí ara bá ń gbóná lábẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé irin gan-an ò pọ̀ tó bó ṣe fi hàn. Ìdí nìyẹn tí WHO fi ní, lọ́dún 2020, pé tí àgbàlagbà bá ní àìsàn tó ń mú ara gbóná báyìí, kí wọ́n má fi 15 díwọ̀n ẹ̀ mọ́, 70 ni. Ẹni tó bá ní oríkèé wíwú, tí ferritin ẹ̀ sì jẹ́ 50, irin lè ti tán lára ẹ̀ kẹ́ ẹ máa rò pé ó dáa. Nítorí náà ẹ ní kí wọ́n ṣe CRP, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá ara ń gbóná lábẹ́lẹ̀, kí wọ́n wo transferrin saturation, ìyẹn iye èrò tó wà lórí ọ̀kadà, kẹ́ ẹ sì gbé oríkèé yẹn lọ fún dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ìgbà tí iná oríkèé bá lọ sílẹ̀ ni ilẹ̀kùn máa ṣí. Ìgò blood tonic karùn-ún ò ní ṣí i.


ỌmọÌyáOǹdó:

Olúwa ò. Ọdún méjì la ti ń da omi ugu sí wọn lọ́fun, wọ́n ti ní kí n má gbé e wá mọ́, mo ń bínú sí wọn. Ẹ ṣé. Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni mo máa gbé wọn wá sí Àkúrẹ́.


Jagunjagun_SS:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ síbi tẹ́ ẹ ti ń sọ blood tonic yìí. SS ni mí, ìyẹn àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, mo ti gba ẹ̀jẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan, irin tó wà nínú ẹ̀ máa ń tó mílígíráàmù 200 sí 250. Ẹ fi wé kan sí méjì tí ọmọ olóko ní à ń rí nínú oúnjẹ lójúmọ́. Ara ò sì mọ bó ṣe ń dà á nù. Ferritin kún, ó di àkúnwọ́sílẹ̀, ó wá ń jọ di nǹkan míì tí wọ́n ń pè ní hemosiderin, tí ìyẹn náà bá kún, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀dọ̀, á jẹ ọkàn. Àwọn tó rí bíi tèmi máa ń lo oògùn tó ń mú irin jáde, deferasirox lèmi ń lò, àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́ deferoxamine. Gbogbo àǹtí tó bá rí ojú mi tó pọ́n á sáré ra blood tonic wá, ìfẹ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fún ẹlòmíì ni. Folic acid lèmi ń lò, ìyẹn ò ní irin nínú. Kí ẹni tó bá jẹ́ SS má mu nǹkan onírin láìjẹ́ pé wọ́n wo ferritin ẹ̀.


Ìyá_Tọ́mi:

Ó ga o. Àwọn ọmọdé ńkọ́? Mo máa ń fún Tọ́mi ní omi irin yẹn ní gbogbo ìgbà tí ibà bá ti ṣe é.


TiLáàbù:

Ẹ wo ibà sàn ná. Ibà ń gbé hepcidin sókè, èyí tó pọ̀ jù nínú irin yẹn ò ní wọlé. Ní Pemba, erékùṣù kan ní Tanzania tí ibà pọ̀ sí, wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní irin àti folic acid, wọ́n ní láti dá a dúró láìtọ́jọ́ torí àwọn tó ń lò ó ló ń ṣàìsàn líle jù, 2006 ni wọ́n tẹ èsì ẹ̀ jáde. Kò sọ pé irin ò dáa fún ọmọdé o, ọmọ tí irin tán lára ẹ̀ nílò ẹ̀ gidi. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò ni mo ń sọ, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àǹtí Àdùkẹ́, mi ò gbàgbé yín. Fesolate 200 kan ní bíi mílígíráàmù 65 irin gidi nínú. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ti ń sún mọ́ 200 lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá gbé àkọ́kọ́ mì láàárọ̀, ẹ̀dọ̀ á rí i pé irin ń bọ̀ wìtìwìtì, á gbé hepcidin jáde, ó sì máa ń tó wákàtí 24 kó tó lọ sílẹ̀. Ti ọ̀sán àti ti alẹ́ á wá bá ilẹ̀kùn tó ti ń tì, inú ìfun ni wọ́n máa jókòó sí, kí ni wọ́n máa ṣe níbẹ̀ bí kò ṣe inú rírun? Ní Switzerland wọ́n dán an wò lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí irin ti tán lára wọn bíi tiyín, èsì ẹ̀ jáde ní 2017, àwọn tó ń lò ó ní ọjọ́ kan kí wọ́n fo ọjọ́ kan, ìfun wọn gba irin ju ti àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ má kàn fúnra yín yí i padà, ẹ bá dókítà sọ ọ́, ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń gbé e mì?


Àdùkẹ́Aláṣọ:

Tíì 🙈 Mo máa ń mu tíì láàárọ̀ àti lálẹ́, mo kàn ń jù ú sẹ́nu kí n fi tíì tì í.


ỌmọOlóko:

Áà! Tíì ti di irin yẹn mú kó tó dé ìfun. Omi ọsàn ni kẹ́ ẹ fi gbé e mì, fítámì C inú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí irin wà ní tútù kó lè wọlé. Ẹ jẹ́ kí tíì jìnnà sí i tó wákàtí kan tàbí méjì. Ẹran pupa àti ẹ̀dọ̀ màlúù, irin inú wọn máa ń tètè wọlé ju ti ẹ̀fọ́ lọ, èmi ò bú ẹ̀fọ́ o, ẹ ṣáà fi ata tútù àti tòmátò tó pọ̀ sè é. Ìkòkò irin dúdú tí ìyá àgbà fi ń sebẹ̀ láyé ọjọ́un náà máa ń fi irin díẹ̀ kún ọbẹ̀. Àwa la ta á fún àwọn onípáànù tí a lọ ra ti aluminium tó ń dán.


Àdùkẹ́Aláṣọ:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé o, mo padà wá jábọ̀. Dókítà kékeré yẹn ni mo dúró dè títí mo fi rí i. Ó ní kí n máa lo ẹyọ kan, kí n fo ọjọ́ kan, inú ò run mí mọ́. Scan náà gbé fáíbírọ́ọ̀dù kékeré méjì jáde, wọ́n ní ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, wọ́n ti fún mi ní oògùn oṣù. Yìnyín ò wù mí mọ́! Mo jókòó ti fírísà lánàá láti àárọ̀ dalẹ́, mínírà nìkan ni mo mú níbẹ̀. Ọkọ mi ló ń mu tíì mi báyìí. Ìkòkò irin ni mo ń wá káàkiri Ọjà Ọba, gbogbo wọn ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bọ nǹkan.


TiLáàbù:

Ẹ kú oríire. Ẹ má dá fesolate dúró tí PCV bá ti gòkè o, iwájú ìsọ̀ ló máa kọ́kọ́ kún, stóò á ṣì ṣófo. Ó máa ń gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún ferritin yẹn ṣe nígbà náà.


Àdùkẹ́Aláṣọ:

Owó yẹn tún ni? Ẹ jẹ́ n tètè lọ pa àtẹ.